Àmín Tí Afeezat Ṣe fún Ìjòyè Aimery

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó ń dáná, kó rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń wakọ̀, kó wá ibi páàkì sí. Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, torí tí ọ̀rọ̀ yìí bá fò yín níbì kan, ibi tó kù ò ní yé yín.

Ọwọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ mẹ́rin. Méjì jẹ́ ti Afeezat, ó pa wọ́n pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bomi mu. Méjì tó kù jẹ́ ti bàbá òyìnbó kan, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, ó sì fi wọ́n bo ti Afeezat látòkè látìsàlẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá mú ẹyẹ tí ò fẹ́ kó fò lọ. Ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n, tí ò lè gbé ṣíbí dẹ́nu láìdà á sílẹ̀, kò gbọ̀n rárá láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó tutù. Ó le. Afeezat rọra fà á, ọwọ́ ẹ̀ ò yọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe débẹ̀.

Ọmọ Ìwó ni Afeezat. Ó ti lo ọdún márùn-ún ní Chicago, ó sì ti fi méjì nínú ẹ̀ tọ́jú bàbá yìí nínú fúláàtì kan ní Uptown, lókè pátápátá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti máa ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, tí àwọn ife á máa jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Prof ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà. Ó kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì. Kò níyàwó, kò bímọ. Ìwé kan ṣoṣo ló fi ogójì ọdún kọ, ìwé ọ̀hún ò sì parí. Ìtàn ìgbésí ayé ìjòyè ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Aimery ni, tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rin ọdún. Bébà ìtàn náà wà lórí tábìlì, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí fìríìjì. Tí Afeezat bá ń fún Prof lóúnjẹ, ìtàn Aimery ni. Tó bá ń gé èékánná ẹ̀, ìtàn Aimery ni. Nígbà tó yá, Afeezat sọ ìjòyè náà di ará ilé. Á ní, "Prof, kí ni Baba Eméríì ṣe lónìí?" Prof á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀.

Báyẹn ló ṣe mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Aimery nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, àti pé nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ló ni abúlé méje àti ilé olókùúta kan lórí òkè tí òjò kì í dá níbẹ̀. Ó kó ogójì ọkùnrin lọ jagun ní Íjíbítì, òun nìkan ló sì padà wálé.

"Ṣé àwa Mùsùlùmí ló lọ bá jà?" Afeezat bi í lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ẹ ò rí i! Òun ló fà á tó fi jẹ́ òun nìkan ló padà."

Prof rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ tí Afeezat máa lò kẹ́yìn nínú ilé yẹn ni. Ó ti yege nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì. Ọsibítù kan ní apá Hazel Crest ti gbà á, Mọ́ńdè ló máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti gba ilé oníyàrá méjì ní Park Forest, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré sí yàrá kejì, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ti tú u, ó tún un tẹ́. Ìdí ni pé ọmọ ẹ̀, Amatullah, tó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Ìwó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ń bọ̀. Ó ti pé mẹ́jọ báyìí. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ máa balẹ̀ ní O'Hare. Ní aago mẹ́wàá, Stella tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Afeezat á dé, Afeezat á sì gba airport lọ.

Gbogbo oore pé jọ sọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá wo ló máa bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyẹn láìgba ìre lẹ́nu àgbà? Ìyá ẹ̀ ti pè é láti Ìwó kó tó kírun àsùbáà.

"Afeezat, má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ kí bàbá yẹn súre fún ẹ o. Ó ti darúgbó. Ẹnu àgbà, ẹnu àgbà ni, ì báà jẹ́ òyìnbó."

"Mo gbọ́, màámi."

Àfáà wọn ní mọ́sálásí máa ń sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kí wọ́n yé kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá, pé ti Ọlọ́run nìkan ni. Ṣùgbọ́n orúnkún Afeezat ò gbọ́ wáàsí yẹn rí. Tó bá ti rí ewú lórí èèyàn, ó ti tẹ̀. Ó lọ bá Prof nídìí àga tó máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì, ó pa àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ pọ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ gba àdúrà kó má bọ́ọ́lẹ̀.

"Prof, mò ń lọ lónìí. Ẹ súre fún mi, sà."

Ibẹ̀ ni ọwọ́ yẹn ti bo ọwọ́ ẹ̀.

Ó gbójú sókè. Ó mọ ojú Prof. Ojú tó rọ̀ ni, ojú ẹni tó ń wá ìgò ojú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó wà lórí imú ẹ̀. Ojú tó ń wò ó yìí ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹṣin tó fẹ́ rà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan tó wúwo ni, ó ń jáde bíi pé wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú garawa. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, ó ń retí.

Ẹ gbọ́ o. Èwo nínú wa ni àgbà á di lọ́wọ́ mú, táá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, táá wá dákẹ́ dúró, tí ò ní fún un lésì?

"Àmín," Afeezat wí.

Ó tún sọ òmíràn, ó tún dákẹ́.

"Àmín, sà."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run."

Bàbá náà tẹ̀ síwájú, ó fẹnu ko iwájú orí ẹ̀. Ètè ẹ̀ gbẹ. Òórùn tó sì jáde lára ẹ̀ kì í ṣe òórùn ọṣẹ tí Afeezat fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Òórùn èéfín igi ni, àti òógùn ẹṣin. Ó wá tú ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó gbára lé apá àga, ó sì dìde dúró.

Prof ò tíì dá dìde dúró láti ọdún tó kọjá.

"Prof! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣubú o!"

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi máa ń rìn, kò fọwọ́ kàn án. Ó lọ dúró níwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí Afeezat. Híítà gbóná débi tí òógùn fi ń sàn lọ́rùn Afeezat, ṣùgbọ́n èémí bàbá náà ń rú jáde bí èémí ẹni tó dúró sínú yìnyín.

"Gbé wáìnì wá," ó ní. Gẹ̀ẹ́sì nìyí, ó yé Afeezat. Ohùn ló yàtọ̀.

Júùsì ló gbé fún un. Ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé ọpọlọ tó ń ṣe kátikàti ni, pé wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé pé aláìsàn lè jí lọ́jọ́ kan kó máa ṣe bí ẹlòmíì, pé Stella ò ní pẹ́ dé. Aago mẹ́wàá lù. Stella ò dé, fóònù ẹ̀ ló dé.

"Sister Afeezat, ẹ má bínú sí mi o. Mọ́tò mi ò stáàtì, yìnyín ti bò ó mọ́lẹ̀. Train ni mo fẹ́ wọ̀. Ó máa tó aago méjì."

"Stella! Ọmọ mi ń bọ̀ lónìí!"

"Mo mọ̀, sister. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi."

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Tó bá dán an wò, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́ kan. Afeezat wá pe Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, ọmọ àdúgbò wọn ní Ìwó tó ń wa Uber.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé Amatullah ní airport."

"Ìwọ ńkọ́? Ọmọ tí ò rí ẹ fún ọdún márùn-ún, irùngbọ̀n mi lo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà? Á ní kí wọ́n dá òun padà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e wá bá mi níbí. Tí Stella bá dé, a jọ máa lọ sílé."

"Ó dáa. Màá ya irùngbọ̀n mi dáadáa."

Afeezat rẹ́rìn-ín, àyà ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó di àpò pàǹtí, ó ní kóun sáré gbé e sísàlẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré. Ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó jáde síta. Atẹ́gùn tútù lù ú lójú, ó rí yìnyín, ó rí obìnrin kan tó ń fa ajá lọ. Ó ní kóun jáde.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lọ.

Ó wò ó. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, nínú bàtà, kò dùn ún, kò kú. Ó gbìyànjú ti òsì. Ti òsì náà dúró lẹ́yìn ìlà ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó ti ara ẹ̀ síwájú títí èjìká ẹ̀ fi jáde síta, yìnyín ń bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní kóun sún sẹ́yìn báyìí, kíá ni. Ó ju pàǹtí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn sáré gun òkè bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n pè.

"A'ùdhú bílláhi," ló ń sọ lórí àtẹ̀gùn.

Ó wọ yàrá Prof, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bébà. Ó ti gbọ́ nǹkan kan rí. Ẹnu Prof náà ló ti gbọ́ ọ, nígbà tó ń fi ìpara ra ẹ̀yìn ẹ̀, kò kàn fọkàn sí i ni. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kó tó rí i nísàlẹ̀ ìrọ̀rí. Prof kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún Aimery, tó pa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì pọ̀ sáàárín ọwọ́ ìjòyè náà, tó sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di ẹni ẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Gosselin tó ń bójú tó ẹṣin. Ó fẹ́ ìyàwó lábúlé kejì, ó sì fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Ó dé ibi òkúta ààlà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi dúró síbẹ̀ nínú òjò kó tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ padà. Aimery ò rán ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Ìjókòó ló jókòó, ó ń jẹun.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, Prof ti fi bírò kọ nǹkan kan, ọwọ́ gbígbọ̀n, bóyá lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi ìnagijẹ tó máa ń pe Afeezat kọ ọ́: *Afi, má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Mi ò fẹ́ kí Aimery rí ẹ.*

Afeezat jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méjì ló fi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Báyẹn ló ṣe ń da ìtọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ nù láìfajúro. Ẹni tí wọ́n wá rán níṣẹ́ ẹrú, tó fẹnu ara ẹ̀ ṣe àmín sí i ńkọ́? Ó dìde, ó lọ bá a. Kò kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ di ara ògiri mú kó má bàa kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀. Ọmọ mi ń bọ̀."

Bàbá náà yíjú sí i. "Ọkùnrin?"

"Obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo máa ń tú ìyá sílẹ̀, tí ọmọ bá ti bọ́ sípò ẹ̀. O ò ní ṣe nǹkan kan. Kó ṣáà ti kúnlẹ̀."

"Láéláé, mi ò ní sọ fún ọmọ mi pé kó kúnlẹ̀ fún yín."

"Ṣé ó dìgbà téèyàn bá sọ fún un?"

Afeezat rántí Amatullah. Ọmọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pè é lórí fóònù, á fi fóònù ti agolo mílíìkì, á kúnlẹ̀ kó tó dáhùn! Ọmọ tí màámi kọ́ pé tó bá wọ ilé kan, kó wojú yíká, kó wá ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, kó kọ́kọ́ kí i. Afeezat gan-an ló máa ń yìn ín fún un. Ó já fóònù yọ, ó pe Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù. Kó máa gbé e lọ Park Forest. Kó má dúró. Kó má yà.

Fóònù ń dún. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń dún.

"Ta ló gbé pàǹtí sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù ló ń ti ilẹ̀kùn wọlé, báàgì ńlá wà léjìká ẹ̀. "Èmi rèé, èmi àti irùngbọ̀n. Wo ẹni tí mo gbé wá!"

Ọmọ náà wọlé tẹ̀ lé e. Ó ga ju bó ṣe máa ń rí lójú fóònù lọ. Kóòtù ọmọ Mùsílíù ló wọ̀, apá kóòtù náà ti gbé ọwọ́ ẹ̀ mì. Híjáàbù funfun ẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí oorun. Afeezat ya apá méjèèjì. Amatullah wò ó, ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò tó mọ̀. Ó wá wojú yíká yàrá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ojú ẹ̀ dúró síbi ewú orí kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà," ó wí. Orúnkún ẹ̀ ti ń tẹ̀. Bàbá náà ti na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣí i sílẹ̀ bí ìwé.

Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ẹsẹ̀ Afeezat fúyẹ́. Lójijì ni. Ó mọ̀ pé tóun bá dákẹ́, kóun kàn dákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, òun lè sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn kóun sì máa lọ títí dé Park Forest, títí dé ọsibítù, títí dé ibi tó bá wu òun. Ara ẹ̀ sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ara ẹ̀.

Ó fò. Ó gbá ọmọ náà lápá mú, ó fà á sókè débi tí bàtà ẹ̀ kan fi bọ́.

"Dìde! Má kúnlẹ̀! A kì í kúnlẹ̀ níbí!"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá ọmọ ẹ̀ sọ lójúkojú láti ọdún márùn-ún nìyẹn.

"Háà! Afeezat!" Báàgì bọ́ léjìká Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù. "Ṣé kò sí o? Ọmọ ń kí àgbà, o fẹ́ já a lápá!"

"Màámi Ìwó ló ní kí n..." Amatullah ń wo bàtà tó bọ́.

"Màámi Ìwó ò sí níbí."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá náà ṣì wà nílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè olókùúta yẹn, wẹ́rẹ́, Afeezat sì rí i tí orúnkún ọmọ náà tún ń tẹ̀. Ọmọ yẹn ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Òun kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Afeezat tì í sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ gbì níwájú bàbá náà, ó ki ọwọ́ ara ẹ̀ bọ àárín ọwọ́ tútù yẹn kó má bàa sí àyè fún ọwọ́ ẹlòmíì.

"Èmi nìyí," ó ní. "Èmi ni kẹ́ ẹ mú. Òun kọ́. Òun kọ́ láéláé."

Bàbá náà sọ tàkọ́kọ́, ó dákẹ́.

"Àmín."

Ó sọ èkejì.

"Àmín."

Ó sọ ẹ̀kẹta, èyí tó gùn. Afeezat ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló yé e báyìí.

"Àmín."

"Ṣé ìwọ tó ní ká má kúnlẹ̀ rèé?" Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Ó rọra fa ọmọ náà mọ́ra. "Afeezat, iṣẹ́ yìí ti rẹ̀ ẹ́. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ sílé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi. Ìrẹsì wà nínú fìríìjì, ẹ má jẹ́ kó fi ata tó pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà ní yàrá kejì."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo máa dé?"

Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù mi orí, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

"Amatullah," Afeezat pè é. Kò lè yí gbogbo ara ẹ̀, orí nìkan ló yí. "Ó dàbọ̀, ọmọ mi."

Ọmọ náà yíjú padà. Ó wo ìyá ẹ̀ nílẹ̀. Ó to ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀, ó dúró ṣánṣán, kò tẹ orúnkún, kò tilẹ̀ tẹ orí. Ó na ọwọ́ kékeré kan jáde látinú apá kóòtù tó gùn jù, ó jù ú.

"Bye," ó wí.

Afeezat wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Ohun tóun ń wá náà nìyí. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò rí ọwọ́ tó máa fi nù ún.

Nígbà tí mọ́tò wọn ti lọ, ọwọ́ tó di tiẹ̀ mú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Prof jókòó padà, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń wá ìgò ojú ẹ̀.

"Afi," ó ní, ohùn ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́, "ṣé òní kọ́ lọmọ ẹ ń bọ̀?"

"Ó ti dé, Prof. Ó ti lọ sílé."

"Kí ni ìwọ wá ń ṣe níbí?"

Afeezat ṣí ẹnu. Ìdáhùn kan wà níbẹ̀ tó ti dúró dè é, ó sì jáde fúnra ẹ̀: "Wọn ò tíì ní kí n máa lọ."

Ní aago méjì kọjá díẹ̀ Stella sáré wọlé, yìnyín kún orí ẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Ó ní kí sister máa lọ kíákíá, kí wọ́n lọ bá ọmọ wọn. Afeezat dá a lóhùn pé ó ṣeun. Ó gbé omi tíì kaná. Kóòtù ẹ̀ wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò wò ó.

Ẹ̀yin tèmi, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bi yín. Ọmọ yẹn ti wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ń wo yìnyín, ó ń rò ó pé ìyá òun rí òun lẹ́ẹ̀kan, ó jágbe mọ́ òun, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ Afeezat. Ó lè pè é. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ òótọ́ fún un, kó lè mọ̀ pé ìfẹ́ ni, kó sì wá máa bẹ̀rù ọwọ́ gbogbo àgbà títí ayé ẹ̀? Àbí ẹ máa dákẹ́?